Ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́ àbí Èdè? Àgbéyẹ̀wò Ìkọ́ni Oníkópa láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera ní Yunifásítì, láti Riviera ní Abidjan dé Ìbàdàn

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò èrò méjì tí ó gbilẹ̀ nínú ìkọ́ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní yunifásítì, èyíinì ni ìkọ́ni oníkópa àti ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́. Àdúgbò Riviera ní Cocody, Abidjan, àti yunifásítì tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó fi ṣe òpómúléró àlàyé rẹ̀. Ó sì fi ìrírí Ìbàdàn àti Ìlọrin gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé ẹ̀rí wà fún ìkọ́ni oníkópa, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tí ó dúró ṣinṣin pé ó tọ́ láti pín akẹ́kọ̀ọ́ sí olójú, elétí àti ọlọ́wọ́. Ó tẹ̀ síwájú láti ṣàlàyé pé ohun tí olùkọ́ rò pé ó jẹ́ ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ ìṣòro èdè, àti pé ìkọ́ni oníkópa tí kò bá ka èdè sí lè mú kí àlàfo tí ó wà láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀ sí i. Àbá márùn-ún tí olùkọ́ lè mú lò ni ó fi kádìí.

1.0 Ìfáárà

Riviera jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó wà ní Cocody ní ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ẹ̀bá ọ̀sà Ébrié ni ó wà. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àdúgbò ìgbàlódé, títí ó fi di pé orúkọ náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: Riviera 2, Riviera 3, Riviera Golf, Riviera Palmeraie àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn abúlé àwọn Ébrié tí wọ́n ni ilẹ̀, bí Anono, M'Pouto àti M'Badon, ṣì wà láàrin àwọn ilé ńláńlá wọ̀nyí, wọn kò sì tíì gbàgbé èdè wọn.

Ní Cocody yìí kan náà ni Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny wà. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Abidjan. Ó di Yunifásítì Cocody ní 1996. Wàhálà tí ó tẹ̀lé ìdìbò ààrẹ mú kí wọ́n tì í pa ní 2011. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 2012 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti ìpoògùn àti ti ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀. Faransé ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni ní gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n ń sọ lórílẹ̀-èdè náà lé ní 60. Dioula ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ná ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ń sọ nouchi, tí í ṣe àdàlù Faransé àti àwọn èdè ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, kò gbẹ́yìn: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ṣẹ̀ wá láti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé èdè Faransé kò ṣàjèjì ní Èjìgbò fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìlera tí ó bá kúrò ní gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ní Cocody, tí ó sì wọ wọ́ọ̀dù ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Treichville tàbí Angré, ti lè kọjá láti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan.

Irú àyíká báyìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìkọ́ni bá délẹ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlera kan bá dákẹ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé irú ẹni tí ó jẹ́ ni ó pa á lẹ́nu mọ́ ni, àbí èdè tí wọ́n ní kí ó fi sọ̀rọ̀? Bí olùkọ́ bá ṣi ìdáhùn náà mú, akẹ́kọ̀ọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kan aláìsàn.

2.0 Àlàyé lórí àwọn èdè-ìperí

2.1 Kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ìkọ́ni

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó dúró fún iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́:

(1) a. Olùkọ́ náà kọ́ Adé ní ìṣirò.
    b. Adé kọ́ ìṣirò.

Ìhun gbólóhùn ni ó ń sọ ẹni tí ó ń fúnni àti ẹni tí ó ń gbà. Bí ó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyàtọ̀ yọjú: olùkọ́, ìkọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́, ìkẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé mọ́fíìmù àfòmọ́ a- tí ó wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ (a + kọ́ + ẹ̀kọ́) ni ó wà nínú apẹja àti akọ̀wé. Olùṣe ni ó ń tọ́ka sí. Ní ti gírámà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń da ẹ̀kọ́ sí lára. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ kíkọ́ ni. Gírámà kì í ṣe ẹ̀rí nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò tọ́ láti gbé ẹrù tí ó ju agbára àfòmọ́ yìí lọ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó fún ìjíròrò yìí ní èdè-ìperí tí ó rọrùn láti lò.

2.2 Ìkọ́ni oníkópa

Ìkọ́ni oníkópa ni ọ̀nà ìkọ́ni tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe ohun kan pẹ̀lú ẹ̀kọ́ náà lásìkò ẹ̀kọ́: kí ó dáhùn ìbéèrè, kí ó jiyàn, kí ó yanjú ìṣòro, kí ó ṣàlàyé fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbìyànjú iṣẹ́ náà. Òdìkejì rẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olóhùn-kan, níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, tí àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Abidjan, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní amphi ni ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olóhùn-kan.

Nínú ẹ̀kọ́ ìlera, ẹ̀ya tí ó lókìkí jù ni ìkẹ́kọ̀ọ́ nípa yíyanjú ìṣòro, tí Yunifásítì McMaster ní Kánádà gbé kalẹ̀ ní 1969. Wọ́n á fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìtàn aláìsàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni yóò sọ ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọn kò mọ̀, tí wọn yóò sì lọ wá a. Ẹ̀ya mìíràn ni ìdánwò oníbùdó tí Ronald Harden gbé jáde ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1975. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ láti bùdó kan dé èkejì: ní ọ̀kan yóò fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, ní òmíràn yóò yẹ ikùn wò, ní ẹ̀kẹta yóò ka àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni wọ́n ń fún ní máàkì.

2.3 Ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́

Ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n hun ní àwòṣe ìṣọwọ́lo-èdè, dúró fún èrò pé olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ẹ̀kọ́ fi ń tètè wọ̀ ọ́ lára. David Kolb kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1984. Neil Fleming, pẹ̀lú Mills, gbé ìpínsísọ̀rí mẹ́rin jáde ní 1992: àwọn tí ó ń fi ojú kọ́ ọ, àwọn tí ó ń fi etí, àwọn tí ó ń kà tí wọ́n sì ń kọ, àti àwọn tí ó ń fi ọwọ́ ṣe. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlera káàkiri ayé ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìwé ìbéèrè kí wọ́n lè mọ ìsọ̀rí tí olúkúlùkù bọ́ sí.

3.0 Kí ni ẹ̀rí sọ?

3.1 Ẹ̀rí lórí ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́

Ní 2004, Frank Coffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àwòṣe ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nílẹ̀: wọ́n tó 71. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò fara mọ́ra wọn. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn béèrè irú ìwádìí tí ó lè fìdí èrò náà múlẹ̀. Àlàyé wọn kò ṣòro. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ olójú, tí àwọn kan jẹ́ elétí. Kí wọ́n fi àwòrán kọ́ ìdajì ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ohùn kọ́ ìdajì yòókù, lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn ṣe ìdánwò kan náà. Èrò náà yóò dúró bí olójú bá ṣe dáadáa jù pẹ̀lú àwòrán, tí elétí sì ṣe dáadáa jù pẹ̀lú ohùn. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ni ó ran gbogbo wọn lọ́wọ́, a jẹ́ pé kókó ẹ̀kọ́ náà ni ó ń fẹ́ àwòrán. Kì í ṣe irú ènìyàn. Nígbà tí Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ wò, díẹ̀ ni ó lo irú ìlànà yìí, àwọn kan nínú àwọn tí ó sì lò ó tako èrò náà.

Ìwádìí kan wà tí ó súnmọ́ ẹ̀kọ́ ìlera gan-an. Husmann àti O'Loughlin ṣe é láàrin àwọn tí ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní 2019. Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ìsọ̀rí tí wọ́n bọ́ sí, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kò kàwé ní ìbámu pẹ̀lú ìsọ̀rí náà. Àwọn tí ó tẹ̀lé e pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa jù.

Iṣẹ́ ìlera fúnra rẹ̀ ń sọ ohun kan náà. Ara tí ó sú, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Ìró ọkàn, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ikùn tí ó le, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kò sí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó lè sọ pé olójú ni òun, nítorí náà òun kò ní gbé ẹ̀rọ sí àyà aláìsàn. Bí olùkọ́ bá pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ìsọ̀rí, tí ó sì ń fún olúkúlùkù ní èyí tí ó fẹ́ràn nìkan, ó ń gba apá kan iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò yàtọ̀ síra wọn. Wọ́n yàtọ̀ gan-an: nínú ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nínú àkókò tí wọ́n ní, nínú ohun tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí, àti nínú èdè. Ìpín sí ojú, etí àti ọwọ́ nìkan ni ẹ̀rí kò gbè.

3.2 Ẹ̀rí lórí ìkọ́ni oníkópa

Ti ìkọ́ni oníkópa yàtọ̀. Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olóhùn-kan ti gbilẹ̀, ìpíndọ́gba àwọn tí ó kùnà jẹ́ 33.8 nínú 100. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kópa, ó jẹ́ 21.8. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ti fi hàn pé ẹni tí ó bá ka àyọkà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì dán ara rẹ̀ wò láti rántí rẹ̀, máa ń rántí púpọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju ẹni tí ó tún un kà lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tí ó tún un kà ni ó ń ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń fi ẹ̀tàn ibẹ̀ hàn.

Ẹ̀tàn yìí ṣe kókó. Ní 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní Harvard pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì tí ó kópa nínú ẹ̀kọ́ rò pé àwọn kò kọ́ tó àwọn tí ó fetí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó já geere, bẹ́ẹ̀ ìdánwò fi hàn pé wọ́n kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Làálàá tí ó wà nínú kíkópa ni wọ́n ń kà sí àìmọ̀. Nítorí náà, bíbéèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀nà wo ni ó bá a lára mu kò tó láti fi mọ ọ̀nà tí yóò ṣe é láǹfààní.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìkọ́ni oníkópa di oògùn gbogboǹṣe. Àgbéyẹ̀wò àkópọ̀ méjì tí ó jáde ní 1993 lórí ìkẹ́kọ̀ọ́ nípa yíyanjú ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí i pé àwọn tí ó gba ọ̀nà yìí ń ṣe dáadáa níbi iṣẹ́ ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbádùn ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò lórí sáyẹ́ǹsì ìpìlẹ̀, wọ́n máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. Kíkópa dára, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kópa nínú rẹ̀, àti èdè tí ó fi ń kópa, ni ó ń sọ ibi tí yóò já sí.

4.0 Wò àti gbọ́: ohun tí èdè Yorùbá kò pín

Bí wọ́n bá ní kí elédè Yorùbá ya ojú sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀, èdè rẹ̀ yóò ṣòro fún un láti bá iṣẹ́ náà lọ:

(2) a. Tọ́ ọbẹ̀ náà wò.
    b. Gbé ẹrù náà wò.
    d. Fi ọwọ́ kàn án wò.
    e. Bi ìyá náà wò.
    ẹ. Dókítà ń wo aláìsàn.

Wò tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ojú ni ó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe ahọ́n ní (2a), ti apá ní (2b), ti ọwọ́ ní (2d) àti ti ẹnu ní (2e). Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí ènìyàn ṣe ohun kan kí ó lè mọ̀. Ní (2ẹ), wíwò kúrò ní ọ̀rọ̀ ojú lásán, ó di ìtọ́jú; ibẹ̀ ni ilé-ìwòsàn ti rí orúkọ rẹ̀. Gbọ́ náà kò dúró sí ibi etí: wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọ́n ń gbọ́ òórùn, wọ́n ń gbọ́ èdè, ọmọ tí ó sì gbọ́ràn ni ó ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe.

Àwọn àpẹẹrẹ yìí kò fi hàn pé ọpọlọ ọmọ Yorùbá yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ìpín ojú, etí àti ọwọ́ kì í ṣe ìpín tí gbogbo èdè gbà. Nígbà tí wọ́n bá túmọ̀ ìwé ìbéèrè kan láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, tí wọ́n sì fún ọmọ tí ó ń ronú ní Yorùbá tàbí ní Baoulé láti dáhùn, kò dájú mọ́ pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn.

5.0 Ìdákẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ fún àlàyé yìí. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ìtàn aláìsàn wà níwájú wọn, Faransé ni wọ́n sì ń fi jíròrò. Mẹ́ta nínú wọn dàgbà ní Riviera nínú ilé tí Faransé ti jẹ́ èdè òbí àti ọmọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Abidjan. Àwọn yòókù kọ́ Faransé ní ilé-ìwé, tàbí kí wọ́n gbọ́ ti ìgboro. Àwọn mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn ni yóò tún sọ èkejì. Olùkọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kópa, yóò sì kọ nípa àwọn yòókù pé elétí ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn láti máa gbọ́.

Ìdákẹ́ náà lè ní orírun mẹ́ta ó kéré tán. Èkíní ni àìmọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kò ka ẹ̀kọ́ náà. Èkejì ni ọ̀wọ̀: wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀kẹta ni èdè: ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kí ó tó to gbólóhùn rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Ìwé ìbéèrè ìṣọwọ́kẹ́kọ̀ọ́ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé àbájáde kan náà ni wọ́n ń mú wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé ohun gbogbo. Wọ́n ní ìkọ́ni oníkópa kò bá àṣà mu. Àṣà Yorùbá kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ jẹ́ ìbéèrè tí àgbà ń bi ọmọdé, tí ọmọdé gbọ́dọ̀ dáhùn níwájú gbogbo ènìyàn. Ọmọ awo kì í kọ́ Ifá nípa jíjókòó nìkan. Yóò pe ẹsẹ náà padà fún ọ̀gá, yóò bá a ja ewé, yóò sì jókòó tì í nígbà tí ó bá ń dá Ifá fún oníbèéèrè. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ohun tí àṣà béèrè ni bí wọ́n ṣe ń béèrè àti ìgbà tí wọ́n ń béèrè. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè.

Èyí tí ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìkọ́ni oníkópa lè dá kún àìdọ́gba. Nínú amphi, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dákẹ́ bákan náà. Nínú ẹgbẹ́ kékeré, ẹni tí ó ní èdè ni ó ń rí àǹfààní kíkópa, tí ìmọ̀ rẹ̀ sì ń jinlẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí A. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ti fi hàn pé èdè tí ọmọ gbọ́ yékéyéké ń la ẹ̀kọ́ yé e, kò sì dí i lọ́wọ́ láti mọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti inú ọ̀pọ̀ èdè wá. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

6.0 Èdè aláìsàn

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ nítorí Faransé lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Ìmọ̀ yìí kì í fara hàn nínú máàkì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ìtọ́jú dúró lé. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ìrora:

(3) a. Orí ń fọ́ mi.
    b. Inú ń run mí.
    d. Eyín ń dùn mí.
    e. Egungun ń ro mí.
    ẹ. Ara ń ta mí.
    f. Òòyì ń kọ́ mi.
    g. Àyà ń já mi.

Ẹ̀yà ara tàbí àìlera náà ni olùwà. Ẹni tí ara ń ni jẹ́ àbọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn, irú ìrora sì wà nínú rẹ̀: ríro kì í ṣe títa. Ní Faransé, ìhun kan ṣoṣo, « avoir mal à », ni ó wọ́pọ̀ jù fún orí, inú, eyín àti egungun. Ògbufọ̀ tí ó bá kó (3a) sí (3ẹ) sínú ìhun kan yìí ti sọ apá kan ìsọfúnni aláìsàn nù kí dókítà tó gbọ́ ọ.

Gbólóhùn (3g) léwu jù wọ́n lọ. Ìbẹ̀rù ni ó sábà máa ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n aláìsàn lè fi sọ pé ọkàn òun ń lù kìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí « j'ai peur », tí í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, lè mú kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lé aláìsàn ọlọ́kàn lọ sílé. Bákan náà, ọwọ́ ní Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti èjìká títí dé ìka, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti itan títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Faransé ya bras kúrò lára main, ó sì ya jambe kúrò lára pied. Ẹni tí ó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun kò tíì sọ ibi tí ó ń dùn. Àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ ní: ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ọwọ́ hàn mí.’ Orúkọ àìsàn pàápàá ń darí èrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí aláìsàn rò pé ìgbà tí òun bá mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀jẹ̀ ń ru nìkan ni òun nílò oògùn. Àtọ̀sí ajá, tí ọ̀pọ̀ ń pe àìsàn títọ ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti inú omi odò wá, lè mú kí ìyá máa fi ojú àrùn ìbálòpọ̀ wo ọmọ rẹ̀ tí ó kàn wẹ̀ lódò.

Ìwé kò lè kọ́ni ní nǹkan báyìí tán. Ìdí nìyí tí ìrírí Ìbàdàn àti Ìlọrin fi wúlò fún Abidjan. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà ní agbègbè Ìbàràpá, kí wọ́n lè kọ́ nípa ìlera láàrin àwọn ará ìlú. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, fi irú ìgbé-àárín-ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe òpó ẹ̀kọ́ ìlera rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ibi wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá ń nílò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbọ́ ọ. Ipò olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń yí padà láàrin wọn. Anono àti M'Pouto kò jìnnà sí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ Cocody. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń rin ìrìn-àjò lọ kọ́ ní Ìbàràpá, ti Abidjan lè rí i ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

7.0 Àbá

Àbá márùn-ún tí ó tẹ̀lé e yìí kò nílò owó ńlá.

(i) Kíkọ ṣáájú sísọ. Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí èdè ń dá dúró yóò rí àyè to gbólóhùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹ̀kọ́ yóò sì hàn.

(ii) Ìjíròrò pẹ̀lú ẹni ẹ̀gbẹ́ nínú amphi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Eric Mazur ti ń lò ó ní Harvard: olùkọ́ á béèrè ìbéèrè kan, olúkúlùkù á dáhùn, yóò bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jiyàn, yóò sì tún dáhùn. Kò dìgbà tí wọ́n bá fọ́ kíláàsì sí kéékèèké. Èyí tí ó ṣe pàtàkì fún Abidjan ni pé kò sí ohun tí ó ní kí ìjiyàn pẹ̀lú ẹni ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ní Faransé. Àwọn tí èdè wọn pa pọ̀ lè jókòó pọ̀. Ìdáhùn ìkẹyìn nìkan ni yóò wà ní Faransé.

(iii) Ìwé ọ̀rọ̀ aláìsàn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kó ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn ń lò jọ, pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n ti gbọ́ ọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá-èdè Ìlò, tí wọ́n ń pè ní ILA, wà nínú yunifásítì yìí kan náà; ó lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti Yorùbá, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti la ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀; ti aláìsàn gba ọ̀nà kejì, nítorí ẹnu ará ìlú ni wọ́n ti ń kó o.

(iv) Ṣíṣe bí aláìsàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Dioula, Ébrié tàbí Yorùbá ṣe bí aláìsàn ní èdè náà, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípasẹ̀ ògbufọ̀. Gbogbo wọn yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọnù.

(v) Bùdó èdè nínú ìdánwò. Ohun tí kò sí nínú ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á sí. Bí bùdó kan nínú ìdánwò oníbùdó bá dá lórí lílo ògbufọ̀ tàbí gbígbọ́ èdè aláìsàn, ìmọ̀ tí ó ti fara pamọ́ tipẹ́ yóò ní máàkì tirẹ̀.

Ìṣòro kò ṣàìsí. Ẹgbẹ́ kan lè wà tí kò sí ẹni méjì nínú rẹ̀ tí èdè wọn pa pọ̀. Olùkọ́ lè bẹ̀rù ohun tí kò gbọ́. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kíkọ ṣáájú sísọ ṣì wúlò. Olùkọ́ náà kò sì ní láti gbọ́ gbogbo ìjiyàn, bí ó bá ti gbọ́ ìdáhùn tí ó jáde láti inú rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ya nǹkan méjì tí wọ́n sábà máa ń so pọ̀ sọ́tọ̀. Ìkọ́ni oníkópa ní ẹ̀rí lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ ní ààlà. Ìpín akẹ́kọ̀ọ́ sí olójú, elétí àti ọlọ́wọ́ kò ní. Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ ìlera máa wá láàrin akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ti mọ̀ àti èdè tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní àyíká bí Riviera, níbi tí ilé elédè Faransé àti abúlé Ébrié ti jọ wà ní ojú pópó kan, èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ nínú ìkọ́ni ìlera. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kópa, òun náà sì ni aláìsàn fi ń sọ ibi tí ó ń dùn ún. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ ‘elétí’ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ nílé.